Omi, Ọ̀rá àti Kẹrosíìnì: Ohun Tó Ń Ba Àga Wa Jẹ́ ní Ilẹ̀ Òkun

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ Òkun, àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, tó wà ní Èkó, ní Àbújá àti ní ẹ̀yìn odi bá bẹ̀rẹ̀ sí í darí wálé, ọ̀pọ̀ ilé tó ti wà ní títì láti ọdún tó kọjá ni a máa ń ṣí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni àga àti tábìlì tí àwọn òbí wa fi owó oṣù wọn rà wà: àga ìrókò tí káfíńtà fi ọwọ́ gbẹ́ apá rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gànwó, ìjókòó onífóòmù tí a fi àrán bò. Èmi ni ìdílé wa fi ìtọ́jú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, mo sì ti rí i, nílé wa àti nílé àwọn aládùúgbò, pé àìbìkítà kọ́ ló ń ba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́. Ìtọ́jú tí a fi ìfẹ́ ṣe, àmọ́ tí kò bá ìwà igi mu, ló ń bà wọ́n jẹ́: aṣọ tútù tí a fi ń nù wọ́n láràárọ̀, ọ̀rá tí a fi bò wọ́n kí eruku má bàa kàn wọ́n, àti kẹrosíìnì tí a ń dà sí wọn lẹ́sẹ̀ kí ikán má bàa gùn wọ́n. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti mọ ìwà igi kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa ka òfin fún un.

Igi tí a ti gé, tí a ti là, tí a sì ti fi kan àga kò tíì dákẹ́. Ní ìgbà òjò, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá ní agbègbè wa, ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, a tú u sílẹ̀ padà. Nígbà tí igi bá ṣì tutù láti inú igbó, omi inú rẹ̀ lè máa dín kù láìjẹ́ pé ìwọ̀n pákó yí padà. Ìgbà tí omi náà bá lọ sílẹ̀ ju bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo igi gbígbẹ lọ ni pákó bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, láti ìgbà náà lọ ni yóò sì máa sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí yóò máa wú nígbà òjò, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà láyé. Ìbú pákó ni èyí ti ń hàn. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Ìdí nìyẹn tí tábìlì tí wọ́n kan ojú rẹ̀ mọ́ igi ìdábùú pẹ̀lú ìṣó àti gúlúù, láìfi àyè kankan sílẹ̀, fi máa ń là gbàràgàdà ní oṣù Kìíní: pákó fẹ́ sún kì, ìṣó kò jẹ́. Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa fi ihò gígùn sílẹ̀ fún ìdè kí pákó lè rí ibi yẹ̀ sí.

Ìwà yìí kan náà ló ń mú kí dúrọ́ọ̀ há ní ìgbà òjò, tí a óò máa fà á tí kò ní í jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìyàrà ti ránṣẹ́ pe káfíńtà kí ó wá fi ìfági fá ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ tábìlì ìkọ̀wé wọn nínú oṣù Kẹjọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé ná.” Ohun tí a bá fá kúrò ní ìgbà òjò, a kò lè dá a padà nígbà tí igi bá gbẹ, dúrọ́ọ̀ náà yóò sì máa mì lọ́tùn-ún lósì nínú ihò rẹ̀. A fa dúrọ́ọ̀ náà yọ pátápátá, a fi àbẹ́là funfun pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ojú ọ̀nà tó ń gbà kọjá, a sì dá a padà. Ó ń yọ̀ wọlé, ó ń yọ̀ jáde. Àbẹ́là nìkan ni, kì í ṣe òróró, nítorí pé òróró yóò wọ inú igi, yóò sì máa fa eruku mọ́ra.

Kí a tó fi ohunkóhun kan ojú igi, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n fi pa á. Pọ́líìṣì àtijọ́ tí àwọn káfíńtà ń fi òwú tí wọ́n dì sínú aṣọ pa sára igi, ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ara wọn, ṣẹ́láákì ni. Kòkòrò kékeré kan ní India àti Thailand ló ń sun oje náà sára ẹ̀ka igi. Wọ́n á kó o, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á sì yọ́ ọ sínú sípíríìtì. Èyí tó wọ́pọ̀ lóde òní ni láńkà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ́n, tàbí fáníìṣì tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Bí a bá fẹ́ mọ èyí tó wà lára àga wa, ẹ jẹ́ kí a yí i padà, kí a wá ibi tí ojú kì í tó, bóyá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a fi òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì kàn án díẹ̀. Bí ó bá di olóje mọ́ wa lọ́wọ́, ṣẹ́láákì ni. Bí sípíríìtì kò bá ràn án, àmọ́ tí tínnà mú un rọ̀, láńkà ni. Bí méjèèjì kò bá ràn án, fáníìṣì ni. Ó tọ́ kí a mọ èyí, nítorí pé ọtí tàbí lọ́fínńdà tó bá dà sórí tábìlì ṣẹ́láákì yóò jẹ ojú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ tó gbóná yóò sì fi àpá funfun sílẹ̀ lára rẹ̀ kí a tó gbé e kúrò.

Nípa àpá funfun yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé tábìlì ti bàjẹ́ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpá róbótó funfun tí ife tútù tàbí àwo gbígbóná fi sílẹ̀ fi hàn pé ọ̀rinrin ti há sínú pọ́líìṣì, kò tíì dé inú igi. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Òmíràn á lọ fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá lọ, ẹ fi faselíìnì díẹ̀ pa á lálẹ́, kí ẹ nù ún kúrò lówùúrọ̀ pẹ̀lú aṣọ òwú. Àmọ́ bí àpá náà bá dúdú, ọ̀rọ̀ ti yí padà: omi ti kọjá pọ́líìṣì, ó ti dé inú igi gan-an, àti pé, bí ó bá jẹ́ pé ìdí ìkòkò irin ló jókòó síbẹ̀, irin àti oje inú igi ti ṣiṣẹ́ pọ̀ láti pa á láró. Káfíńtà nìkan ló lè yọ ìyẹn, yóò sì ní láti fi sáńpépà bó pọ́líìṣì ibẹ̀ kúrò ná. Ẹni tó bá máa fi sáńpépà ra ìrókò, ẹ jẹ́ kí ó bo imú àti ẹnu rẹ̀ dáadáa, nítorí pé eruku ìrókò a máa yún ara, a sì máa dá ènìyàn ní wàhálà nínú èémí.

Ọ̀rọ̀ eruku fúnra rẹ̀ gba àkíyèsí ní ilẹ̀ wa. Eruku ọyẹ́ tó ń bo gbogbo nǹkan láti oṣù Kọkànlá tàbí Kejìlá ń ti aṣálẹ̀ wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, yanrìn tó kúnná wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí a sì ń fà á síwá sẹ́yìn lójú tábìlì, sáńpépà ni a ń lò láìmọ̀. Ẹ gbé ojú yín sún mọ́ tábìlì àtijọ́ kan, kí ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó yí po kiri ojú rẹ̀, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé ọ̀nà tí ọwọ́ ẹni tó ń nù ún máa ń gbà. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tàbí ìyẹ́ ni kí a fi gbá eruku náà kúrò ná, láìtẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni a óò fi aṣọ òwú tí a ti fún omi rẹ̀ gbẹ, tí kò fi omi sílẹ̀ lójú igi, nù ún, tí a óò sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn aṣọ rírin tí omi ń ro tótó lára wọn, tí àwọn ọmọ ń fi ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun pọ̀ mọ́, ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn. Ọṣẹ yẹn le ju ohun tí pọ́líìṣì lè fara dà lọ, omi náà sì ń wọ inú oríkèé àga, níbi tí gúlúù wà, títí àga yóò fi máa mì.

Lẹ́yìn nínù, àwa ènìyàn fẹ́ kí igi dán, ibẹ̀ ni òróró ti ń wọlé. Mo ti rí àga tí wọ́n fi òrí pa, mo ti rí èyí tí wọ́n fi òróró ẹ̀pà pa, mo sì ti rí èyí tí wọ́n fi epo pupa pa kí àwọ̀ rẹ̀ lè jinlẹ̀. Òrí dára fún awọ ara wa, ilẹ̀ wa sì bùkún fún igi ẹ̀mí, ṣùgbọ́n kì í gbẹ lójú igi. Bẹ́ẹ̀ ni òróró ẹ̀pà àti epo pupa. Wọ́n á wà níbẹ̀, wọ́n á máa fa eruku mọ́ra, wọ́n á máa ní òórùn bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, wọ́n á sì di ìdọ̀tí dúdú tó lẹ̀ mọ́ ibi tí apá ènìyàn ń bà lé. Bákan náà ni mo kọ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn pọ́líìṣì agolo tí a ń fọ́n, àwọn tó ní sílíkónì nínú. Wọ́n ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n sílíkónì á wọ inú igi, lọ́jọ́ tí a bá sì fẹ́ kùn ún ní fáníìṣì tuntun, fáníìṣì náà kò ní tẹ́. Yóò máa sá fún ara rẹ̀, yóò sì dá ihò róbótó róbótó. Ohun tí mo ń lò ni ìda oyin tí a yọ́ pọ̀ mọ́ tọpentáìnì. Ẹ má ṣe yọ́ ọ lórí iná tó ń jó geere, nítorí pé tọpentáìnì a máa gbiná. Inú omi gbígbóná tí a ti gbé kúrò lórí iná ni kí ẹ ti rọ̀ ọ́. Díẹ̀ ni a ó fi aṣọ pa, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, a ó wá fi aṣọ mìíràn nù ún títí yóò fi dán. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a máa ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, ìmọ́lẹ̀ á sì sọ ọ́ di búráùn tó jinlẹ̀. Bí a bá fi àwòrán onígíláàsì tàbí ìkòkò òdòdó sójú kan lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ibi tí ó wà yóò mọ́ yàtọ̀ sí ìyókù. Kí a máa yí ohun orí tábìlì padà láti ìgbà dé ìgbà ni ìwòsàn rẹ̀, kí a sì ta kọ́tìnnì sójú fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn.

Nígbà tí a bá dé orí àga onífóòmù, ọ̀rọ̀ náà gùn sí i, nítorí pé ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, aṣọ, fóòmù àti igi, ọ̀nà tí olúkúlùkù wọn sì ń gbà bàjẹ́ yàtọ̀. Fóòmù tí a ń lò lónìí wá láti inú iṣẹ́ Otto Bayer, ará Jámánì, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ohun tí wọ́n ń pè ní polyurethane ní ọdún 1937. Ìmọ́lẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀: á pọ́n, á le, lẹ́yìn náà á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá ṣí síìpù tìmùtìmù tó ti pẹ́, tí ẹ sì fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fún etí fóòmù inú rẹ̀, èyí tó ṣì yè yóò padà sí ipò rẹ̀. Èyí tó ti kú yóò di iyẹ̀ sí yín lọ́wọ́. Kò sí ohun tí a lè fi wo irú èyí sàn mọ́. Èyí tó ṣì yè, ẹ máa yí i padà, kí ojú òkè di ojú ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ipò wọn, nítorí pé gbogbo ìdílé ló ní àga kan tí bàbá máa ń jókòó sí.

Ní ti aṣọ, àwọn màmá wa ti rí i ṣáájú wa. Aṣọ funfun tí wọ́n ń fi kọroṣé hun, tí wọ́n ń tẹ́ sí ibi ìgbórílé àti apá àga, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wò ó bí ohun àtijọ́. Òróró irun àti òógùn ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ ba àga jẹ́, aṣọ kékeré yẹn sì ṣeé bọ́ fọ̀ nígbà tí àga kò ṣeé fọ̀. Pàápàá jù lọ bí ó bá jẹ́ awọ àtọwọ́dá ni wọ́n fi bo àga náà: ọ̀rinrin, ooru àti òróró ara ń jẹ ẹ́ láti inú, títí ojú rẹ̀ yóò fi bó ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò sì sí ìpara kankan tó lè lẹ̀ ẹ́ padà. Àrán, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí a fi máa tọ̀ ọ́ sí ọ̀nà tí irun rẹ̀ dà sí.

Bí epo pupa bá ta sórí àga, ẹ má ṣe fi omi sá lọ bá a. Ẹ fi ṣíbí ha èyí tó wà lókè, ẹ da àtíkè lé ibẹ̀ kí ó nípọn, kí ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí ó lè fa òróró náà mu, kí ẹ tó gbá a kúrò. Lẹ́yìn náà, ìfófòó ọṣẹ tí kò le nìkan ni kí ẹ mú, kì í ṣe omi abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ funfun máa tẹ̀ ẹ́ láti etí wá sí àárín, láìra á. Àwọ̀ pupa tó bá ṣẹ́kù, kàrótíìnì inú epo ni, ìmọ́lẹ̀ oòrùn a sì máa pa á. Bí aṣọ tìmùtìmù náà bá ṣeé bọ́, ẹ sá a. Ṣùgbọ́n ẹ máa lọ wò ó, nítorí pé oòrùn tó ń pa àwọ̀ epo lè pa àwọ̀ aṣọ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fi aṣọ òkè rán tìmùtìmù, irú èyí tí wọ́n ń hun ní Ògìdì ní Ìjùmú, ìlú Olóyè Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà aṣọ, kí ó má ṣe rì í sínú omi rárá, nítorí pé òwú àti fọ́nrán dídán tó wà nínú rẹ̀ kì í sún kì bákan náà.

Nísinsìnyí, ilé títì. Ọ̀rá tí a fi bo àga kí a tó padà sí Èkó kò jẹ́ kí àga mí. Ọ̀rinrin tó wà nínú fóòmù lọ́jọ́ tí a bò ó ni yóò há síbẹ̀, èyí tí ilẹ̀ ń mí jáde ní ìgbà òjò yóò fi kún un, nínú òkùnkùn àti ooru yẹn ni yóò sì bu. Igi tí omi inú rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kì í jẹrà; ọ̀rá ni ó ń mú kí ó tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń kọjá rẹ̀. Ògbólógbòó aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tí a fi òwú hun ni kí a fi bò ó: ó ń gba eruku, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Kí a fa àga kúrò lára ògiri tó ìbú ọwọ́ kan, kí a fi àjákù táìlì tàbí bíríkì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀, kí a gbé tìmùtìmù dúró lórí etí rẹ̀, kí a sì bẹ ẹni tó ń bá wa ṣọ́ ilé pé kí ó máa ṣí fèrèsé ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo òrùlé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, nítorí pé ojú páànù kan tó ń jò lè ba iṣẹ́ káfíńtà jẹ́ nínú oṣù kan.

Fífa àga kúrò lára ògiri ṣe pàtàkì nítorí ikán pẹ̀lú. Ikán kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ìdí nìyẹn tí ó fi ń mọ ọ̀nà amọ̀ tó bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti inú ilẹ̀ wá. Bí àga bá dá dúró lórí táìlì, ọ̀nà náà kò ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí, ojú yóò sì tètè tó o. Kẹrosíìnì a máa pa èyí tó bá kàn, ṣùgbọ́n á fò lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ikán kò sì kúrò nínú ilẹ̀. Ní àkókò náà, ó ti yọ́ ìda tí a fi pa igi kúrò, ó sì ti sọ yàrá di ibi tí iná lè ràn. Ògbólógbòó ọ́ìlì ọkọ̀ tí àwọn kan ń dà yí ẹsẹ̀ àga ká burú jù ú lọ, nítorí pé àbààwọ́n rẹ̀ kì í kúrò. Ilẹ̀ yípo ilé ni kí a jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fi oògùn sí.

Kòkòrò kékeré tó ń gbẹ́ igi yàtọ̀ sí ikán. Kì í mọ amọ̀. Ìyẹ̀fun tó kúnná ní ń ti ihò tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ jáde, tí a óò rí ní òkìtì kéékèèké lábẹ́ àga. Sítáàṣì inú igi funfun ni ó ń wá, kì í sì í fẹ́ràn àárín igi ìrókò tàbí ti igi àpá tó ti dúdú. Níbi tí ewu wà nìyí: àga tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìrókò gidi lè ní eegun arère funfun nínú, lábẹ́ fóòmù, níbi tí ojú wa kò tó. Ẹ máa dojú àga dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Lójú kan náà, ẹ yẹ ibi tí aṣọ ti rán pọ̀ wò fún ìdun, pàápàá bí ó bá jẹ́ àga tí a rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ooru tó ju 50°C lọ ń pa ìdun àti ẹyin rẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn tó ń ta sórí àga kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ nínú fóòmù; ooru omi gbígbóná láti inú ẹ̀rọ ló lè pa èyí tó wà níbi tí aṣọ ti rán pọ̀.

Gbogbo wàhálà yìí tọ́ sí i, nítorí pé irú igi tí wọ́n fi kan àga àwọn òbí wa kò rọrùn láti rí mọ́. Ní ọdún 2022, níbi ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ní Panama, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fi igi àpá àti igi ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà sí abẹ́ ìṣàkóso òwò àgbáyé. Nítorí náà, bí fóòmù bá kú, ẹ má ṣe ta àga náà fún àwọn tó ń fi igi dáná. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe àga onífóòmù, kí ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń bó o. Ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ rí eegun rẹ̀ kí ó tó tẹ́ ohun tuntun lé e, kí ó pààrọ̀ igi funfun tí kòkòrò ti jẹ, kí ó fi omi bọ́rásì pa èyí tó kù, kí ó sì tún gúlúù oríkèé tó bá ti yẹ̀ fi sí. Nígbà tí ẹ bá ń ra fóòmù, ìwúwo rẹ̀ ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe bí ó ṣe ga tó. Èyí tó wúwo jù nínú méjì tó ga bákan náà ló sábà máa ń pẹ́. Kí ẹ sì gba àjákù aṣọ tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré, kí ẹ fi í sínú dúrọ́ọ̀, nítorí pé nígbà tí iná sìgá tàbí èékánná ológbò bá ya àga náà, aṣọ aláwọ̀ kan náà kò ní sí lọ́jà Kàbà mọ́.